Ká Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀bá títì Ọbájànà ni mo wà, níbi tó ti wọ Kàbà,
níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti ń húkọ́ lé ewé kaṣú lórí.
Dúrọ́ọ̀mù omi méjì ni mo ní, kànìnkànìn mẹ́rin,
àti ẹ̀rọ ìfófò tí mo fowó àjọ oṣù mẹ́ta rà.
Ayédọ̀gbọ́n, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Ṣé koríko lo fẹ́ fín lóògùn ni, àbí ọkọ̀ lo fẹ́ fọ̀?
Ọṣẹ àti apá ni mo fi ń fọ ọkọ̀ láti ìgbà Píjò,
kò sí èyí tó bẹ̀ mí pé kí n kọ́kọ́ da ìhó bo òun lójú."

Mi ò dá a lóhùn. Ẹni tó jẹ gbèsè àjọ kì í jiyàn.

Lọ́jọ́rú, Nọ́ọ̀sì Ìbítómi ti Ẹ̀gbẹ̀ dé
pẹ̀lú Kòrólà dúdú. Dúdú ni ìwé ọkọ̀ pè é.
Ẹrẹ̀ Ìsánlú ti gbẹ mọ́ etí ilẹ̀kùn,
eruku ọyẹ́ gun ẹrẹ̀, sìmẹ́ǹtì gun eruku,
ìgbẹ́ ẹyẹ kan sì jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí òǹtẹ̀ kóòtù.

Mo fi okùn pín bọ́nẹ́ẹ̀tì sí méjì.
Apá òsì, omi lásán. Apá ọ̀tún, mo fín in
títí ó fi funfun bí òwú tó là.
Abẹ́ igi la wà o; bí oòrùn bá gbẹ ọṣẹ mọ́ ọ̀dà ọkọ̀,
ìjà mìíràn nìyẹn.
Ìfófò náà ń yọ́ bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń fa pupa dání,
ìlà kan, ìlà méjì, bí omijé ọmọ tó jẹ iyẹ̀pẹ̀.
Ayédọ̀gbọ́n wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ wa.

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo da omi lé e.

Ká sòótọ́: kò mọ́.
Iyanrìn ti lọ, hóró sìmẹ́ǹtì ti lọ,
ṣùgbọ́n awọ tín-ín-rín kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn
bí ọ̀rá inú ìkòkò tí a fomi tútù ṣàn.
Mo fi ìka kọ orúkọ mi síbẹ̀, ó hàn ketekete.
Ìgbẹ́ ẹyẹ kò tilẹ̀ mira.
"Owó àjọ oṣù mẹ́ta," ni Ayédọ̀gbọ́n wí, ó mi orí.

A wá mú kànìnkànìn. Òun lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún.
Lábẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: ṣà, ṣà, ṣà,
ìró ẹni tó ń fi yanrìn bó ìdí ìkòkò.
Lábẹ́ ọwọ́ tèmi, ìdákẹ́jẹ́.
Òun náà gbọ́ ọ. Ó dáwọ́ dúró, ó wo kànìnkànìn rẹ̀,
ó fi í sínú omi, ó tún gbé e jáde, ó tún wò ó.

Nígbà tí a tì í sí oòrùn, apá méjèèjì ń dán.
Okùn aláǹtakùn wà nínú dúdú apá òsì, roboto, roboto.
Mi ò ní purọ́: ó wà ní apá ọ̀tún náà,
síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni nọ́ọ̀sì fi ń nù ún nílé.
Ta ló lè mọ èyí tó jẹ́ ti òní?
Ìró yẹn nìkan ni mo lè búra sí.

Níhìn-ín, a kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn láìkọ́kọ́ wí pé, "Okun o."
Okun kì í wa iṣu, kì í san gbèsè,
kì í sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni.
Ṣùgbọ́n fò ó, kí o wo bí ọ̀rọ̀ rẹ yóò ti ha etí.

"Èló ni ti ìfófò?" ni nọ́ọ̀sì bi mí.
Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ó ní eruku tó wà lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀
pọ̀ ju ìfófò mi lọ. Ó san án ṣá.
Kó tó dé oríta, tírélà kan ti húkọ́ lé e lórí.

Mo yíjú padà. Ayédọ̀gbọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà létí,
ó ń mì í jẹ́jẹ́,
ó ń fetí wo bó ṣe kù sí.