Fọ́ọ̀mù Olójú Ewé Mẹ́tàdínlógún

Ìlú kan tí n ò dé rí ni fọ́ọ̀mù náà ti wá.
Wọ́n ní kí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́
àti ilé ẹ̀kọ́ tí yìnyín ń bọ́ sí lórí òrùlé
jọ gun orí ìwọ̀n kan ṣoṣo.

Èmi akọ̀wé ni mo jókòó tì í.
Iná ti lọ láti aago méjì,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó?
Mo yọ èyí tó ti lọ sí Kánádà,
mo tún dá a padà:
orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ńkọ́?
Ẹyọ kan. Fásínà, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́.
Ìyá ìyá rẹ̀, ọmọ Ìjẹrù níbí ni,
aṣọ ló tà dé ọ̀hún tí kò padà.
Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi láàárọ̀.
Àlejò wo nìyẹn?
Mo kọ oókan sílẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

Ìgbà mélòó ni ayé tọ́ka sí iṣẹ́ yín?
Dókítà Ọ̀ṣúnkúnlé fi ọdún mẹ́rin
ṣọ́ eṣinṣin tó ń ba màǹgòrò jẹ́.
Ẹni méjì péré ló tọ́ka sí ìwé rẹ̀.
Ṣùgbọ́n lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
ìgò ìdẹ tó kọ́ wọn ṣì ń mì lára igi.
Àwọn àgbẹ̀ ò rí ìwé náà rí. Wọ́n mọ ìgò.

Kò sí àlàfo fún ìgò.
Kò sí fún Bàbá Oyèdòtun ní yàrá àyẹ̀wò,
tó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ di maikirosíkóòpù
tí ogójì ọmọ ń tò sí,
títí ẹnìkan á fi pariwo pé, "Ó ń rìn! Mo rí i!"

Télọ̀ kan wà ní Tákíè nígbà èwe mi,
ara ọmọ tirẹ̀ ló fi ń gé ṣòkòtò fún gbogbo àdúgbò.
Tó bá fún ọ, á ní, "Ìwọ lo sanra."

N ò ní kí wọ́n má wọ̀n wá o.
Òrùlé ilé ìkàwé ń jò,
ẹni tó bá kọ ìyẹn sílẹ̀, kò parọ́ mọ́ wa.

Èsì dé nígbà ọyẹ́:
láti ẹgbẹ̀fà sí ẹgbẹ̀je ni wọ́n tò wá sí,
bí ẹni ń nawọ́ sí igbó pé, "Wọ́n wà lápá ibẹ̀ yẹn."
Bàbá Oyèdòtun bi mí. Mo sọ fún un.
Ó fẹ́ eruku kúrò lójú dígí,
ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n wá?"