Dígí Àsálà

Ní Òkè-Báálẹ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà,
Múfútáù gbé ọwọ́ lé dígí tó dúró ti ògiri:
"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná."
Ó fi èékánná kàn án. Kò dún gbinrin.
Ó dún bí ẹni tó ń dáhùn pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.
"Méjì ni. Awẹ́ méjì, awọ kan láàárín,
bí awọ abẹ́ èèpo ẹyin,
èyí tí ẹ máa ń bínú sí bí ẹ bá ń bó ẹyin sísè."

Òkúta ló fò lábẹ́ táyà tírélà lọ́nà Ìkìrun.
Ojú mi ló ń bọ̀ wá bá.
Dígí gbà á.
Ó ya káàkiri bí ilé aláǹtakùn,
kò já lé mi lẹ́sẹ̀.
Mo wa ọkọ̀ dé Ọlá-Ìyá,
ibi kékeré kan tí kò là ni mo fi ń wo ayé.

Ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀tọ̀ ni àṣírí tirẹ̀.
Wọ́n yan án nínú iná,
wọ́n fẹ́ atẹ́gùn tútù lù ú lójijì.
Ìbínú wà níkùn rẹ̀,
ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ìbínú náà wẹ́wẹ́:
lọ́jọ́ tó bá fọ́, yóò dà sílẹ̀ bí iyọ̀ oníhóró,
ìgbálẹ̀ ni yóò kó o, kì í ṣe dókítà.

Ìyá mi ì bá fẹ́ irú rẹ̀.
Dígí lásán ni ti fèrèsé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Alẹ́ tí ìjì gbá a wọlé, àdá ni.
Ìka àárín Àwẹ̀ró kò tẹ̀ mọ́;
mẹ́rin ló fi ń dirun fún mi
títí mo fi lọ ilé ọkọ.

Mo ní, "Ṣé èyí kò wá ní fọ́?"
Múfútáù rẹ́rìn-ín, ó ń nu gọ́ọ̀mù lọ́wọ́:
"Màmá, ta ló ta dígí tí kì í fọ́ fún yín?
Bó ṣe máa fọ́ ni ẹ ń sanwó lé."

Òròkí Àsàlà ni wọ́n ń ki ìlú yìí.
Kì í ṣe pé ogun kò dé ibẹ̀.

Dígí àtijọ́ wà nílẹ̀ nínú eruku,
ó ti fọ́ tán, kò tíì tú.
Ó ní kí n má gbá ilẹ̀kùn títí di ọ̀la,
gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ.
Mo rọra pa á dé,
bí ẹni tó pọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.