Oṣù Tó Ṣìnà

Sokunthea, ìwọ tá a jọ ń sùn lórí ẹní kan
nínú yàrá onípáànù lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Phnom Penh,
ìwọ lo kọ́kọ́ rí i pé aṣọ oṣù mi
kò tíì kan omi láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.
"Ta ló ni ín?" lo rọra bi mí.
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí.
Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọkọ mi, àbúrò:
ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò, ọgọ́rin ní wákàtí kan,
alábòójútó dúró sẹ́yìn ọrùn mi tòun ti aago,
ó ń ka ìṣẹ́jú bí olówó èlé.

Láàárọ̀, kọfí dúdú nínú ọ̀rá, yìnyín, ṣúgà.
Lọ́sàn-án, núdùù gbígbẹ. Omi gbígbóná dà?
A fọ́ ọ sínú ọ̀rá rẹ̀, a bu ata rẹ̀ sí i,
a jẹ ẹ́ lóròó bí ẹṣin.
Lálẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ọ̀rá.
Owó yòókù ti lọ bá ìyá mi ní Kampong Cham.

Inú kọ́kọ́ gbà á. Inú ni àpò.
Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì:
ó ta mí lọ́fun bí ẹni gbé ẹyin iná mì,
ó tì pa fún ọjọ́ mẹ́rin,
lọ́jọ́ karùn-ún ó ṣí lójijì, mo sáré,
wọ́n sì kọ orúkọ mi sílẹ̀:
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní ilé ìyàgbẹ́.
Inú tó bàjẹ́ àti inú tó ń run,
ta ló mọ ògiri sáàárín wọn?

Nọ́ọ̀sì Phalla ò béèrè ọkọ.
Ó fi ìdánwò oyún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí ni mo jẹ lánàá,
wákàtí mélòó ni mo sùn.
Mo dáhùn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.
"Ara rẹ kì í ṣe òmùgọ̀.
Ó yẹ inú ìkòkò wò, ìrẹsì ò tó ẹnì kan,
ó ní kí àlejò má tíì wá.
Aago lo rò pé ó ń lé ọ;
ara ò mọ aago, ẹkùn ló mọ̀.
Ta ló ń dáná, ta ló ń tẹ́ ibùsùn,
nígbà tí ẹkùn wà lẹ́yìn?"

Pchum Ben dé, a gbé oúnjẹ fún àwọn òkú wa.
Ìyá mi wò mí, ó ní òkú ò gbọdọ̀ yó jù mí lọ.
Ó se ìrẹsì rírọ̀, ẹja odò, atalẹ̀.
Mo sùn. Adìẹ kọ, mo tún sùn.
N kò rí nǹkan kan lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò ní purọ́.

Nígbà tí mo padà, èmi àtìẹ dáwó ra ìkòkò,
ẹyin mẹ́wàá, ewébẹ̀ etí omi.
Lẹ́yìn oṣù méjì, láàárín ẹsẹ̀ òsì méjì,
mo gbọ́ ìrora kékeré kan nísàlẹ̀ ikùn,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn tó ń tijú.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Alábòójútó, kọ ọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n, Sokunthea,
okùn aṣọ ni mo ń wò láàárọ̀ yìí.
Tìrẹ dà?