Tosten Ló Kú

Èmi ni akọ̀wé kóòtù ní Duluth,
létí adágún tó fẹ̀ bí òkun, tó tutù ju ojú àna tí a jẹ lówó.
Lọ́dún 1937 ni mo fi gègé pa èèyàn:
Torsten Kvale, atukọ̀ akóirin
tí ìjì gbé lọ tọkọ̀tọkọ̀.
Ọdún méjì, a ò rí òkú, a ò rí bàtà.
Adájọ́ ní kí n kọ ọ́ kú. Mo kọ ọ́ kú.
Ọ̀finkìn ń bá mi jà lọ́jọ́ náà, imú mi ń ṣomi,
ọkàn mi sì ti wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Hedda ìyàwó rẹ̀ wọ dúdú. Dúdú yẹ ẹ́.
Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san ẹgbàá dọ́là,
ó fi tún òrùlé ṣe, ó fi ìyókù ra dùùrù.
Lyle Pomfret tó gbé owó náà wá
bẹ̀rẹ̀ sí í yà lójoojúmọ́, bóyá òrùlé ń jò.
Òrùlé ò jò. Ó ṣáà ń wá.
Kí yìnyín tó yọ́, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Àìkú ni òkú dé.
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, èmi kọ́ ni mo sọ ọjọ́ lórúkọ.
Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, irùngbọ̀n dé àyà,
ó bá Hedda lórí àga nínú aṣọ ìyàwó,
Pomfret lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wọn etí aṣọ.
"Ta nìyí?" ni ọkùnrin méjèèjì bi ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà.
Díẹ̀ ló kù kí Hedda gbé abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ mì.

Ó ní igi fọ́ òun lórí, àwọn apẹja Kánádà yọ òun,
òun gbàgbé orúkọ ara òun fọ́dún méjì gbáko.
Hedda ní, "O ò gbàgbé ọ̀nà ilé ìdáná."
Òkú kò jọ̀kùn, òkú kò jekòló:
ẹyin díndín mẹ́rin ló jẹ, ó ń wo àwo.

"Òkú ni ọ́ lábẹ́ òfin," ni Pomfret wí,
"dìde lórí àga mi."
"Àga mi ni," ni òkú fèsì.

Lóru, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbá ilẹ̀kùn mi.
Mo ní kóòtù ti tì, mi ò lè jí òkú títí di ọjọ́ Ajé.
Opó kò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú àjèjì lábẹ́ òrùlé kan,
àfẹ́sọ́nà náà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn kó tó digbà ìgbéyàwó;
ni ọkùnrin méjì bá sùn sílẹ̀ ilé ìdáná mi
lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ dòwúrọ̀.

Adájọ́ ní, "Pomfret, bó bá wà láàyè,
ilé-iṣẹ́ rẹ yóò gba owó rẹ̀ padà, ìyàwó á lọ.
Bó bá kú, ìyàwó di tìrẹ, owó á lọ. Èwo lo fẹ́?"
Pomfret yọ bébà, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.
Kò tíì dé ìlà kejì tí Hedda fi bọ́ òrùka.

Adájọ́ wá ní kí n mú ìwé ikú wá.
Ó kà á, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà.
T, O, S, T, E, N.
Ọ̀finkìn mi ti gbé lẹ́tà kan jẹ!
Agbẹ́kùúta sì ti da ìwé mi kọ sórí ibojì.
"Tosten ló kú," ni adájọ́ wí, "kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.
Torsten, máa lọ sílé."
"Owó wa ńkọ́?" ni Pomfret pariwo.
"Béèrè lọ́wọ́ Tosten."

Hedda kò gbà á lọ́jọ́ náà.
Ó ní kó lọ fárùngbọ̀n, kó wá kan ilẹ̀kùn iwájú
bí ọmọlúàbí tó ń wá ìyàwó.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kàn án. A ń gbọ́ dùùrù, a ò gbọ́ "wọlé".
Lọ́jọ́ kan, a ò gbọ́ dùùrù mọ́.

Lọ́dọọdún, bí ìjì bá ti bẹ̀rẹ̀,
Torsten a máa gbé òdòdó lọ sí ibojì Tosten.
Ó ní ẹni tó kú dípò ẹni kì í ṣe ẹni à ń gbàgbé.
Mo máa ń bá a lọ.
Mo máa ń mú áńkáṣíìfù dání.