Yẹ̀pẹ̀ Ojú Títì

Bàbá mi àgbà, Tobias Purnell, kò wọ inú ilé náà rí.
Ìta ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà: kẹ̀kẹ́ ẹrù kan, ṣọ́bìrì kan,
ìbaaka tí ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́.
Wọ́n ní kí ó kó yẹ̀pẹ̀ wá láti etí odò,
kí ó dà á bo òkúta títì Filadẹ́lfíà,
kí ariwo kẹ̀kẹ́ má baà dí àwọn tó ń kọ òfin lọ́wọ́.

Ìgbà ooru ni. Wọ́n ti fèrèsé pa,
eṣinṣin ń bá wọn ṣèpàdé.
Ó ń dà á, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ kì í
bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun.
Kẹ̀kẹ́ á kọjá, o ò ní gbọ́ ju èémí ẹṣin lọ.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti ka ìyá rẹ̀.
Dorcas, ní oko tábà ẹlòmíì ní Mẹ́rílándì,
tó ga débi àtẹ́rígbà,
tí ìka ọwọ́ rẹ̀ pé mẹ́wàá.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ;
wọ́n ka ọlọ́mọ fún olówó rẹ̀,
wọ́n ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mo bi í:
“Èwo ni wọ́n yọ? Ṣé ẹsẹ̀ ni, àbí ẹ̀rín?”
Ó ń họ ẹrẹ̀ kúrò lára ṣọ́bìrì.
Ó pẹ́ kí ó tó ní: “Ṣílè mẹ́ta ni wọ́n san fún mi lójúmọ́.
Mo fi ra búrẹ́dì.”
Ìdákẹ́jẹ́ la fún wọn, ìdá ni wọ́n dá padà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ wa gba ìbò lọ́wọ́ bàbá mi.
Ó lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì bí ẹni tí wọ́n yọ léyín.

Ogun dé, ogun lọ. Wọ́n fi ìlà tuntun kún òfin.
Ní oṣù Ọ̀wàrà, àbúrò mi Enoch wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ó wọ kóòtù tí mo lọ̀ fún un,
ó gba àárín àwọn ṣọ́jà tó gbé ìbọn dúró
lọ ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí.
Igun títì ni mo sìn ín dé.
Ìlà tuntun náà kò kan obìnrin.
Mo di fìlà rẹ̀ mú, mo ń wo ilẹ̀.

Òjò ti fọ yẹ̀pẹ̀ bàbá àgbà lọ sódò tipẹ́.
Bí Enoch ṣe ń jáde bọ̀, tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín,
kẹ̀kẹ́ ẹrù kan gun orí òkúta,
gbàgà, gbàgà, gbàgà,
gbogbo àdúgbò yíjú.
N kò ní kí ó rọra.