Ìwé Kékeré Ìyá Ṣìfáwù

Fàrídà, o bi mí lánàá
ibi tí kọ̀ǹpútà ilé ìwé yín ń kó gbogbo ẹrù sí
tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́.
Jókòó. Ti ẹsẹ̀ bọ omi ọ̀sà.
Àká ẹja ni n ó kọ́kọ́ mú ọ dé.

Ní Èpè níbí, lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí,
Ìyá Ṣìfáwù, ìyá tó bí ìyá mi,
ní pẹpẹ mẹ́jọ péré fún ẹja gbígbẹ.
Mẹ́jọ. Mo kà á, mo tún un kà.
Oníbàárà tó ń kó agbọ̀n wá sì ju ogún lọ,
kálukú fi nọ́ńbà sí agbọ̀n tirẹ̀:
èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta,
wọ́n tẹ̀ léra bí eyín iwájú.

Ìyàwó Lèmọ́mù ní èkíní tirẹ̀.
Bàbá Tájù tó ń kan ọkọ̀ ní èkíní tirẹ̀.
Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ló ni àká,
kò mọ̀ pé èkíní òun wà lórí pẹpẹ keje lẹ́bàá ògiri,
pé èkejì òun wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ológbò ń sùn sí.
Kò kàn án.
Ìwé kékeré kan ló mọ̀,
ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òórùn ẹja ti wọ̀ ọ́ lára:
“Èkíní Lèmọ́mù: pẹpẹ keje.
Èkíní Tájù: pẹpẹ kejì.”
O bá pe nọ́ńbà, Ìyá á wo ìwé, á na ọwọ́.
O bá ń wá agbọ̀n ẹlòmíràn,
orúkọ rẹ kò sí lójú ewé yẹn, máa lọ sílé.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà nìyẹn.
Eré tí ò ń ta, àwòrán tí ò ń kùn,
kálukú rò pé òun nìkan ló ni ilé.
Ẹ̀rọ gé ẹrù wọn sí ojú ewé wẹ́wẹ́ tó dọ́gba,
ó sọ wọ́n síbi tí àyè bá ti yọ,
ó sì fi ìwé kékeré rántí.

Bí pẹpẹ mẹ́jọ bá wá kún ńkọ́?
Èmi ni wọ́n ń rán nígbà náà,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ bí ti lékeléke.
Agbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́
ni mo máa ń rù lọ sí àká kejì lápá Pópó-Ọba,
àká ńlá, àká olókùnkùn,
ó gba ẹrù, ṣùgbọ́n ó jìnnà.
Ìyá á kọ ọ́: “Kò sí níbí. Ó wà lókè.”
Bí ẹni tó ni ín bá dé,
“Jókòó, mu omi,” Ìyá á wí,
èmi á gbé ọ̀kan lọ, n ó gbé ọ̀kan bọ̀.
Oníbàárà kò mọ̀. Ó kàn rí i pé ó pẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ tí Iléyá ku ọ̀la ni ojú mi rí nǹkan!
Ogún èèyàn pe nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà.
Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ ni wọ́n ń bèèrè,
èyí tí mo gbé bọ̀ ni kò sáyè fún.
Mo sáré títí òógùn fi wọ̀ mí lójú,
kò sì sẹ́ni tó gba ẹja.
Wọ́n ń pariwo: “Ṣé ọmọ yìí sùn ni?”

Nítorí náà, Fàrídà,
bí kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi,
tí òbìrìkítí kékeré ń yí lójú rẹ̀,
má gbá a létí.
Ọmọ kan wà lọ́nà Pópó-Ọba,
agbọ̀n ń bẹ lórí rẹ̀.
Pa díẹ̀ dé nínú ohun tí o ṣí.
Jẹ́ kó mí.

Àká ti wó. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi.
Mo ṣí i lánàá lẹ́yìn tí o lọ sùn:
“Ẹ̀kẹta Tájù: kò sí níbí. Ó wà lókè.”
Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Bàbá Tájù ti kú,
kò tíì sẹ́ni tó ní kí n lọ gbé e wá.