Òkun Lórí Okùn

Sunnvør gbé e wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, òjò ń rọ̀ níbùú ní Tórshavn,
téèpù mẹ́tàlélógún nínú páálí tí ẹja gbígbẹ ti gbé rí.
Ó ní, "Bárður, òkun ọdún mẹ́rin ló wà nínú wọn,
bí omi ṣe tutù tó, láàárọ̀, lálẹ́, láti ẹnu àwọn apẹja.
Ọ́fíìsì kò ní ẹ̀dà mìíràn."
Mo gbóòórùn rẹ̀. Àbẹ́là àti ẹja.
Mo ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Òkun ni wọ́n tọ́jú sórí okùn.
Okùn náà sì ti ń mu omi inú afẹ́fẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé,
àtè tó mú ìyẹ̀fun rẹ̀ dúró ti rọ̀;
bí o bá fi ipá fà á, òkun a ṣí kúrò,
a di eruku pupa lára irin.
Wọ́n ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Èyí ti bàjẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án;
ẹ̀sọ̀ náà ni mo ṣì fi mú un.

Mo yá ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń sá olú gbẹ.
Ooru mẹ́rìnléláàádọ́ta, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.
Wákàtí mẹ́jọ ni mo fi jókòó tì í
bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tí ibà ń ṣe.
Eyðvør yọjú lẹ́ẹ̀kan: "Ọbẹ̀ wa yóò máa ta sánsán ọ́fíìsì."

Ẹ̀rọ tó ń kà wọ́n, ọwọ́ òṣìṣẹ́ báńkì kan
tó ti fẹ̀yìn tì ní Aarhus ni mo ti rà á.
Rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́ bíi gọ́ọ̀mù tí ọmọdé jẹ sílẹ̀.
Mo gé òmíràn lára páìpù,
mo fi òwú àti sípírítì nu etí rẹ̀:
etí ọ̀hún kò ju èékánná lọ,
òun ló sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí òkun wí.

Ẹni tí kò bá lè ká a, kò lè kà á.
Mo ká a. Ó ká.
Mo kà á. Nọ́ńbà jáde, ó mọ́ tónítóní,
ṣùgbọ́n ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́:
ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì.
Kò sí Ìṣẹ́gun. Kò sí Ọjọ́bọ̀.
Mo pààrọ̀ káàdì, mo pààrọ̀ wáyà,
mo yí òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń bù ú, láti ife dé garawa.
Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mo bú téèpù náà
ní ọ̀rọ̀ tí ìyá mi kò gbọdọ̀ gbọ́.

Nígbà tó yá, Sunnvør mú ìyá tirẹ̀ wá,
Maibritt, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin;
òun ló ń gbé téèpù sẹ́nu ẹ̀rọ láyé ìgbà náà.
Ó mú aṣọ òtútù tó ń hun lọ́wọ́ dání.
Kò wo kọ̀ǹpútà. Lébẹ́ẹ̀lì ló ń wò.
"Ta ló ya àwọn wọ̀nyí nípá?
Méjì-méjì la máa ń kọ wọ́n.
Ẹ̀rọ a bu fún ọ̀kan, a bu fún èkejì.
Báyìí." Ó gbé abẹ́rẹ́ ìhun sókè,
òwú funfun, òwú dúdú,
ìlà kan fún èyí, ìlà kan fún ìyẹn.

Mo fi ìkọkànlá kọ́ ìkejìlá lọ́rùn.
Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀.
Méje. Méje àbọ̀. Mẹ́fà lé díẹ̀.
Sunnvør kò sọ̀rọ̀, ó ń fi ìka tọ omi náà lẹ́yìn.

Ihò kan ló kù, nínú oṣù Ẹrẹ̀nà, ọjọ́ mẹ́sàn-án, òfìfo.
Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ìyẹn ti lọ."
Ó ń ka ojú ìhun rẹ̀, kò tètè dáhùn.
"Kò lọ síbì kankan. Ìjì ni.
Ọkọ̀ kankan kò kúrò ní èbúté.
Alaalẹ́ ni mo gbé téèpù sẹ́nu ẹ̀rọ,
òfìfo ni mo sì kọ sí i."

Mo pa "ó sọnù" rẹ́ nínú ìwé mi.
Mo kọ ọ́ pé: ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó jáde.
Lẹ́yìn náà mo lọ fọ àwo olú.